Láti Òkè Òkun dé Ìjerò: Ìtàn Bí Ẹ̀kọ́ Ìwòsàn Ṣe Ń Sún Mọ́ Ilé

Ìfáàrà

   

Nígbà tí mo mú orí-ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá ní ọsibítù?' Mo dá a lóhùn pé ohun tí àgbẹ̀ ń wá ní ilé alágbẹ̀dẹ ni. Àgbẹ̀ kì í rọ ọkọ́, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ̀ bí ọkọ́ náà bá mú tàbí bí kò mú. Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ aláìsàn rí, mo ti gbé aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn rí, mo sì ti fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ìwádìí nípa ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu ènìyàn. Ẹ ó rí i kí n tó jókòó pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwòsàn kò jìnnà sí ara wọn.

Ìtàn kan wà nínú Ifá tí àwọn ará ìhà yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí pé wọ́n wà nínú rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì di ọba káàkiri. Alárá, ọba Àrámọkọ, wà nínú wọn. Ajerò, ọba Ìjerò níbí, sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ kan, Ọlọ́wọ̀, tí ó jẹ́ àbígbẹ̀yìn, kọ̀ láti kí bàbá rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó fi ayé sílẹ̀, ó gba ọ̀run lọ. Ayé dàrú lẹ́yìn rẹ̀. Aboyún kò rí ọmọ gbé pọ̀n, aláìsàn kò kúrò lórí ẹní, odò gbẹ, ohun ọ̀gbìn kò yọrí. Àwọn ọmọ gbéra, wọ́n tọ bàbá wọn lọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà wálé. Kò bá wọn padà. Ṣùgbọ́n ó kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́, ó ní ohun tí wọn yóò máa bi léèrè nìyẹn.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ti túmọ̀ ìtàn yìí ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ìmọ̀ tí ó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí ó sì wà ní ibi jíjìn, kò lè wo ará ilé sàn. Ìmọ̀ tí ó bá di ohun tí ọmọ lè gbé lọ́wọ́, tí Alárá lè mú lọ sí Àrá, tí Ajerò lè mú lọ sí Ìjerò, òun ni ó lè gba ẹ̀mí là.

Ohun kan yìí náà ni mo fẹ́ fi ìtàn gidi fi hàn lónìí. Ìtàn ẹ̀kọ́ ìwòsàn ti ìgbàlódé ní ilẹ̀ wa jẹ́ ìtàn ìrìn-àjò láti ibi jíjìn sí tòsí. Ìgbàkígbà tí ẹ̀kọ́ náà bá sún ẹsẹ̀ kan mọ́ ẹnu-ọ̀nà aláìsàn, ẹ̀mí a máa là. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò náà kò tíì parí, ẹsẹ̀ tí ó kù sì ni ó ṣòro jù lọ.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ

Kí ọsibítù tó dé, a ní ẹ̀kọ́ ìwòsàn tiwa. Ẹni tí ó bá fẹ́ di oníṣègùn tàbí babaláwo yóò lọ máa gbé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Yóò bá a ru àpò, yóò bá a já ewé, yóò gbọ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ti ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀, yóò sì há ẹsẹ̀ Ifá àti ọfọ̀ sórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀kọ́ yìí ní àléébù rẹ̀. Àṣírí pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ sì bá ẹni tí ó ni ín wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà rere kan tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò: ojú kan náà ni aláìsàn, ọ̀gá àti akẹ́kọ̀ọ́ wà, èdè kan náà ni wọ́n sì ń sọ.

Ẹ̀kọ́ kejì ti òkè òkun wá. Ní ọdún 1855, Ilé-Iṣẹ́ Ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní Sàró, wọ́n kó wọn lọ sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ìdí rẹ̀ kò pa mọ́. Ibà ń pa àwọn ọ̀gágun Òyìnbó ní etíkun wa bí ẹni ń já èso, ìjọba sì ń wá dókítà tí ilẹ̀ náà kò ní tètè pa. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kò pẹ́ láyé. William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ olówò-ẹrú, gba oyè dókítà ní ọdún 1858. James Africanus Horton gba tirẹ̀ ní Edinburgh ní ọdún 1859. Lẹ́yìn wọn ni Nathaniel King, tí dókítà àwọn míṣọ́nnárì kan kọ́kọ́ kọ́ ní iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Òun náà gba oyè ní Edinburgh ní ọdún 1876. Ọ̀nà Edinburgh di ọ̀nà tí ẹsẹ̀ là.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹnì kan nínú wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan iṣẹ́ tèmi, ó sì kan ilẹ̀ yìí. Gbogbo ẹni tí ó bá ka ìtàn Yorùbá mọ orúkọ Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́ tí ó kọ ìwé ńlá nípa ìtàn wa. Àlùfáà yìí wà lára àwọn tí ó rìn láàárín àwọn ibùdó ogun Kírìjì, ní ìhà Ìmẹ̀sí níbí, títí tí àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 fi wáyé. Ní àwọn ọdún 1880 náà, bí Samuel ti ń ru ìwé àlàáfíà láti ibùdó kan sí èkejì, àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obadiah gba oyè gíga jù lọ nínú ìmọ̀ náà ní Edinburgh ní ọdún 1889. Ohun tí ó fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni bí a ti ń wo àìsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí Samuel kú ní ọdún 1901, ìwé tí ó kọ ti sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó kó o fún pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Dókítà yìí ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó tún ìwé náà kọ. Òun náà kú ní ọdún 1920. Ìwé jáde ní ọdún 1921. Bí kì í bá ṣe dókítà kan ni, àwa olùkọ́ ìtàn àti lítíréṣọ̀ ì bá má ní ìwé tí a ń jẹ lẹ́nu títí di òní. Ẹni tí ó bá wá bi mí léèrè mọ́ pé kí ni ó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ dókítà, èsì mi nìyẹn.

Oguntọla Ṣapara ni ẹlòmíràn tí a kò lè fò dá. Sàró ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó di dókítà ìjọba ní agbègbè Èkó, ó fura pé àwọn kan nínú àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná ń ran àrùn náà káàkiri. Kò jókòó sí ọ́fíìsì máa kọ ìwé ẹ̀sùn. Ó wọ inú awo wọn, ó kọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ó tó jáde wá sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fi òfin de ìsìn náà. A lè jiyàn títí di ọ̀la lórí òfin tí ó de òrìṣà. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé Edinburgh kò lè kọ́ Ṣapara ní ohun tí ó mú kí ó lè wọ ibẹ̀. Èdè ìyá rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó gbé e wọlé.

Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ tí wọ́n ní, ojú wọn rí màbo. Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn dókítà àgbègbè wa pọ̀ sínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ kì í bá ṣe Òyìnbó kò lè wọ̀ ọ́. Ọmọ ilẹ̀ wa lè jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Òyìnbó ní Edinburgh, kí ó gba oyè kan náà; ṣùgbọ́n bí ó bá padà dé ilé, ipò tirẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀, owó oṣù rẹ̀ yóò sì kéré.

Yàbá àti Ìbàdàn

Ní ọdún 1930, ẹ̀kọ́ náà sún ẹsẹ̀ kan. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ìṣègùn ní Yàbá, ní Èkó. Ṣùgbọ́n igbákejì dókítà ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe, ìwé-ẹ̀rí wọn kò sì tó ti òkè òkun. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Nígbà tí wọ́n ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yàbá ní gbangba ní ọdún 1934, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, láti inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá kan sì ti jáde. Dókítà ni ààrẹ àkọ́kọ́ wọn, James Churchill Vaughan, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Glasgow ní ọdún 1918. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí dókítà ti wà ní ìdí ìjàkadì fún òmìnira wa.

Ẹni tí ó bá Vaughan kẹ́kọ̀ọ́ ní Glasgow, Isaac Ladipọ Oluwọle, gba ọ̀nà mìíràn. Àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924. Oluwọle rí i pé dókítà mélòó kan kò lè lé eku kúrò nínú ìlú. Ó gbájú mọ́ kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, àwọn tí àwa ń pè ní wolé-wolé. Bàbá mi máa ń sọ bí àwọn ará ìlú ti ń sá fún wolé-wolé ní ìgbà èwe rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ yóò sáré da omi inú ìkòkò nù. Wọ́n ń sá fún un, wọ́n ń bú u. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò kú nítorí tirẹ̀ kò lè mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí àwọn kú. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìdènà àrùn ti rí. Kò ní ọpẹ́.

Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn. Agnes Yewande Savage gba oyè dókítà ní Edinburgh ní ọdún 1929. Elizabeth Abimbọla Awoliyi gba tirẹ̀ ní Dublin ní ọdún 1938, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní ilé. Kofoworọla Abẹni Pratt kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di mátírọ́ọ̀nù ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ ní ilé-ìwòsàn ńlá Ìbàdàn ní ọdún 1964.

Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, ìmọ̀ ìṣègùn sì wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ kọ́ apá kìíní ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó lè fi ọwọ́ kan aláìsàn, nítorí pé ọsibítù Adéọ̀yọ́ kò gbà wọ́n tó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957 ni a ṣí ilé-ìwòsàn ńlá tí gbogbo wa mọ̀ sí UCH. Ní ọdún 1960, ọdún òmìnira gan-an, àwọn tí ó kọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọdún márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún ni ó gbà láti ìgbà tí àwọn ọmọ mẹ́ta ti wọkọ̀ ojú omi ní Sàró. Ní ọdún 1965, yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè fún àwọn nọ́ọ̀sì. Èkó ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ifẹ̀ tẹ̀lé e.

Síbẹ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n kan ní Ìbàdàn rí i pé ilé ńlá lè di odi ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń rí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì funfun nìkan kò mọ ilé tí àìsàn ti wá. Nítorí náà, láti ọdún 1963, wọ́n ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, kí wọ́n mọ kànga tí ènìyàn ti ń pọnmi àti oko tí ó ti ń bọ̀. Ní Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Thomas Adeoye Lambo ti ṣe ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1954: àwọn tí orí wọn dàrú ń gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, Lambo sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà.

Ìmẹ̀sí-Ilé àti Òkè-Mẹ̀sí

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ kò sí ní Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ilé wa níbí ni ó wà.

Ìlú méjì tí ó jẹ́ ìbátan ni Ìmẹ̀sí-Ilé àti Òkè-Mẹ̀sí. Ọ̀kan bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, èkejì bọ́ sí Èkìtì, ní tòsí Ẹ̀fọ̀n. Orí òkè kan náà ni, irú iṣu kan náà ni wọ́n ń jẹ, ibà kan náà ni ó ń pa ọmọ wọn. Láti ọdún 1956 sí 1961, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ó yan Ìmẹ̀sí-Ilé láti wo ohun tí ń pa àwọn ọmọdé gan-an. Ohun tí ó ṣe kò ní idán nínú. Wọ́n ń wọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lórí òṣùwọ̀n nígbà gbogbo. Wọ́n ń fi àmì sí orí páálí kan tí ó ní ìlà, ìyá ọmọ ni ó sì ń gbé páálí náà lọ sílé. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, ara ọmọ ń le. Bí ó bá dúró lójú kan, ewu ń bọ̀, kódà bí ọmọ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà. Wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń tọ́jú ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti ikọ́, wọ́n sì ń kọ́ ìyá ní ohun tí ó yẹ kí ọmọ jẹ. Páálí yìí ni ó tàn ká ayé lẹ́yìn náà. Ìyá tí ó bá gbé ọmọ lọ fún àjẹsára ní ibikíbi ní ayé lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó mú ọmọ-ọmọ páálí Ìmẹ̀sí-Ilé lọ́wọ́.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Mẹ̀sí, tí kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Nínú 1000 ọmọ tí a bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nǹkan bíi 57 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ní Òkè-Mẹ̀sí, nǹkan bíi 91 ni. Láàárín àwọn tí ó ti pé ọdún kan sí ọdún mẹ́rin, nǹkan bíi 18 nínú 1000 ni ó ń kú lọ́dún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní Òkè-Mẹ̀sí, 51.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí a ka iye yìí bí ẹni ń ka owó. Ìbátan mi kan wà nílé ọkọ ní Òkè-Mẹ̀sí ní àkókò náà. Ọmọ méjì ni ó sin. Àwọn oníṣirò pe àwọn ọmọ náà ní iye. Òun ń pè wọ́n ní orúkọ títí ó fi dàgbà. Ohun tí ó wà láàárín òun àti ìyá ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé kì í ṣe ọlọ́run, kì í ṣe orí, kì í ṣe ayé. Òṣùwọ̀n kan, páálí kan, àti nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní iṣẹ́, tí ó sì wà nítòsí ni.

Ìjerò àti àwọn tí ń jáde níbẹ̀

Ìlànà yìí ni ìjọba fẹ́ mú dé gbogbo ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1975 sí 1980, nígbà tí ètò ìlera ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí a sì ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè. Ní ọdún 1978, gbogbo ayé pàdé ní Alma-Ata, wọ́n fi ọwọ́ sí irú ìlànà kan náà. Olikoye Ransome-Kuti, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìwòsàn ọmọdé tí ó di mínísítà ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, ni ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í.

Ìjerò yìí wà nínú ìtàn náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní ìlú yìí, ibẹ̀ ni a sì ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò àti àwọn tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ní ti yunifásítì, ọmọ Ìjerò kò ní láti wọkọ̀ ojú omi mọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń kọ́ni ní ìṣègùn ní Adó. Yunifásítì Afẹ Babalọla, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, wà ní Adó bákan náà. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, tí ó bá wa pààlà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà níbí, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀. Ẹni tí yóò kọ́ ìṣègùn yóò lo ọdún mẹ́fà bí kò bá sí ìdíwọ́. Ọdún kan fún físíìsì, kẹ́mísírì àti ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Nǹkan bí ọdún méjì fún ẹ̀yà ara àti iṣẹ́ wọn, níbi tí ó ti máa fi òkú ènìyàn kọ́ ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ìbúra, yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá, yóò sì ṣe agùnbánirọ̀. Oyè nọ́ọ̀sì, ti apòògùn àti ti àyẹ̀wò inú láàbù kò dín ní ọdún márùn-ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí nìyí. Bí mo bá bi ọgọ́rùn-ún òbí ní ìhà yìí ohun tí ọmọ wọn yóò kà, ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé, 'Dókítà.' Bí ọmọ kò bá rí ìṣègùn wọ̀, tí a fún un ní nọ́ọ̀sì, ilé a máa rí bí ilé ọ̀fọ̀. Bí ó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbí, àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó, ti ń pè mí ní dókítà kí n tó mọ ìwé kà. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé èdè àti lítíréṣọ̀ ni mo fẹ́ kà, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo ti ń sọ bọ̀ tako ìtìjú yìí. Wolé-wolé ni ó bá eku jà ní Èkó. Nọ́ọ̀sì ni ó wọn ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Dókítà ni orí. A kì í sì í fi orí nìkan rìn.

Ẹsẹ̀ tí ó kù

Mo sọ pé ìrìn-àjò náà kò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀ràn ara mi ṣe àpẹẹrẹ, bí ó tilẹ̀ ṣòro fún mi láti sọ.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ìyá mi ń ṣàìsàn, mo sì tẹ̀lé e lọ sí ilé-ìwòsàn kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan tí kò gbọ́ Yorùbá ni ó jókòó. Òṣìṣẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dí ń ṣe ògbufọ̀. Ìyá mi sọ pé, 'Àyà mi ń já.' Òṣìṣẹ́ náà yí i sí Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀rù ń bà á. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Màmá má bẹ̀rù, ó kọ oògùn oorun fún un. Ìtumọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Bí ẹ̀rù bá bà wá, a máa ń sọ pé àyà wa já. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò bẹ̀rù ohunkóhun. Ọkàn rẹ̀ gan-an ni ó ń fò sókè nínú àyà rẹ̀.

Èmi wà níbẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì, tí mo mọ̀ pé gbólóhùn kan lè ní ìtumọ̀ méjì, dúró ti ògiri, n kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé dókítà mọ̀. Mo tún ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì mi kò ní já gaara. Lẹ́yìn oṣù méje, ní ibòmíràn, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan di ọwọ́ ìyá mi mú, ó ní, 'Màmá, ṣé ó ń já bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ìró ìbọn ni, àbí ó ń sá bí ẹṣin?' Ìyá mi ní, 'Ó ń sá bí ẹṣin, ọmọ mi.' Ìgbà náà ni wọ́n tó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Ó tún lo ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá ì bá lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò lè búra.

N kò dá dókítà yẹn lẹ́bi. A kọ́ ọ ní ọkàn, a kò kọ́ ọ ní àyà. Ẹ̀kọ́ tí ó rìn láti Edinburgh dé Yàbá, láti Yàbá dé Ìbàdàn, tí ó sì ti dé Adó àti Ìdó, ṣì ní ẹsẹ̀ kan láti sún: láti orí tábìlì dókítà dé etí rẹ̀. Igbó-Ọrà mọ èyí. Ṣapara mọ ọ́ kí ó tó wọ inú awo. Nọ́ọ̀sì tí ó di ọwọ́ ìyá mi mú mọ ọ́, bóyá láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ.

Ìkádìí

Kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ohun mẹ́ta ni. Èkíní, kí àwọn yunifásítì wa fi èdè àwọn aláìsàn kún ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ti nọ́ọ̀sì, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ibòmíràn wá sí Èkìtì mọ ohun tí inú rírun, òtútù àyà, gìrì àti àyà jíjá jẹ́ lẹ́nu àwa tí a ń sọ ọ́. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa ṣe tán láti bá wọn ṣe é. Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Adó àti Ìdó máa wá gbé láàárín àwọn ará Ìjerò, Àrámọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Mẹ̀sí, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ti kọ́ sì jẹ́ olùkọ́ wọn fún ìgbà náà. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin òbí mú ìtìjú kúrò lórí ọmọ tí ó bá yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ láàbù tàbí ti ìlera agbègbè.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí ni yóò tún gba ìlú Òyìnbó lọ bí ẹ bá ti gba oyè tán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì wá láti gégùn-ún fún yín. Owó oṣù kéré, irin-iṣẹ́ kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn ti yí padà: ní ọdún 1855, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n lè wá wo àìsàn níbí, lónìí, a ń kọ́ iṣẹ́ níbí kí a lè lọ wo àìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba tí kò bá tún ilé ṣe ni ó ń lé ọmọ jáde. Kí ìjọba gbọ́ èyí.

Nígbà tí Alárá àti Ajerò padà láti ọ̀dọ̀ bàbá wọn, ikin ni wọ́n rù bọ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn kéré, kò kún àpò. Ṣùgbọ́n wọ́n rù ú dé ilé. Ẹ̀yin ọmọ wọn, ẹ má jẹ́ kí tiyín já bọ́ sójú ọ̀nà.